Ànjẹ̀mí: Kí ni wọ́n kọ sára náírà, kí ló sì wà nínú tákàdá inú àjà ilé bàbá wa?

Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ owó náírà bá tún ṣẹ́yọ, ariwo kan náà ni í tẹ̀lé e. Ẹnì kan á ya fọ́tò igba náírà, á fi ìlà pupa yí ibì kan po lára rẹ̀, á béèrè lórí WhatsApp pé kí ni èdè Lárúbáwá ń wá lára owó Nàìjíríà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fọ́tò kejì á ti dé: tákàdá gbígbó kan tí wọ́n bá nínú àjà ilé kan ní Ìbàdàn nígbà tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ páànù. Ẹnì kan á ní tírà ni, ẹnì kejì á ní Kùránì ni, ẹnì kẹta á ní kí wọ́n tètè sun ún. Nínú àwọn tó ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí ẹni tó ti ka ohun tó wà nínú fọ́tò méjèèjì. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: ànjẹ̀mí, tí àwọn mìíràn ń kọ ní àjàmí.

Kí ni ànjẹ̀mí gan-an?

Èdè tí kì í ṣe Lárúbáwá, tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, ni. "Ajam" ni àwọn Lárúbáwá ń pe ẹni tí kì í sọ èdè wọn. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà: lẹ́tà àwọn ará Róòmù la fi kọ ohun tí ẹ ń kà yìí, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa sọ pé èdè Látìnì la ń sọ. Haúsá ní ànjẹ̀mí, Fúlàní ní, Wolof ní, Swahili náà ní. Èdè Páṣíà àti Urdu ń lo lẹ́tà yìí títí dòní, àwọn ará Tọ́kì sì lò ó títí di 1928 kí wọ́n tó yí padà.

Yorùbá náà ní tirẹ̀. Àwọn àáfà ló ń kọ ọ́: wákà, ọ̀rọ̀ wàásù, oògùn, lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn odi.

Kí ló wà lára náírà, ta sì ni ó ń bá ta jà?

Owó náírà bẹ̀rẹ̀ ní January 1, 1973, lẹ́tà yìí sì ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà náà. Kì í ṣe àdúrà, kì í ṣe aáyà Kùránì. Iye owó ni wọ́n kọ síbẹ̀ ní èdè Haúsá. Ẹni tó bá gbọ́ Haúsá tó sì mọ lẹ́tà á kà á: dari ni ọgọ́rùn-ún, dubu ni ẹgbẹ̀rún, metan ni igba. (Metan fúnra rẹ̀, ọwọ́ Lárúbáwá ni Haúsá ti yá a, bí àwa náà ṣe yá àlàáfíà àti wákàtí. Ẹni tó bá kí yín pé "ṣé àlàáfíà ni?" kò tíì kúrò nínú Yorùbá.)

Ní 2007, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà yọ ànjẹ̀mí kúrò lára owó kéékèèké, ìyẹn ₦5, ₦10, ₦20 àti ₦50, wọ́n sì fi iye owó ní Haúsá, Ígbò àti Yorùbá rọ́pò rẹ̀ ní lẹ́tà Róòmù. Kò kúrò lára ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí àwọ̀ owó mẹ́ta yìí ní ìparí 2022 kò fọwọ́ kàn án. Ní 2020, agbẹjọ́rò Malcolm Omirhobo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó pé kí wọ́n yọ ọ́.

Àwọn tó fẹ́ kó kúrò ń tọ́ka sí ìwé òfin 1999. Abala 10 ní ìjọba kò gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn orílẹ̀-èdè. Abala 55 dárúkọ Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá, Ígbò àti Yorùbá. Kò dárúkọ Lárúbáwá. Èsì Báńkì Àpapọ̀ ni pé ànjẹ̀mí kò ní ẹ̀sìn nínú, pé láti ìgbà àwọn òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ti fi í sára owó nítorí àwọn tí kò kàwé Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì pọ̀ gan-an nígbà náà. Àwọn kan tún wà láàárín tí wọn kò bá ẹ̀sìn dé ibẹ̀ rárá. Ìbéèrè tiwọn ni pé nígbà tí Haúsá ti ń kàwé ní bókò, lẹ́tà Róòmù, ẹni mélòó ló ṣì ń fi ànjẹ̀mí mọ owó?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ pọ̀ ni pé àwọn tó ń lo Abala 55 gba lẹ́tà náà sí èdè Lárúbáwá, bẹ́ẹ̀ Haúsá tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú èdè tí abala náà dárúkọ. Abala náà pàápàá, èdè tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi ṣiṣẹ́ ló ń sọ. Kò sọ̀rọ̀ owó. Ní ti Abala 10, ìyẹn lè jẹ́ àríyànjiyàn gidi, torí ojú tí ará ìlú fi ń wo lẹ́tà kan lè yàtọ̀ sí ohun tí lẹ́tà náà sọ.

Ṣé kì í ṣe àwọn míṣọ́nnárì ló kọ́kọ́ kọ Yorùbá sílẹ̀ ni?

Àwọn ló ṣètò àkọtọ́ tí à ń lò. Àwọn kọ́ ló kọ́kọ́ mú gègé dé ilẹ̀ yìí. Ní 1615, Ahmad Baba, àáfà ńlá ní Timbuktu, kọ ìwé lórí ta ni òfin ẹ̀sìn gbà kí wọ́n mú lẹ́rú, orúkọ Yorùbá sì wà nínú àwọn ẹ̀yà tó kà sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1812, Muhammad Bello ti Ṣókótó náà kọ nípa Yorùbá. Èdè Lárúbáwá ni àwọn méjèèjì fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé orúkọ wa ti wà nínú tákàdá ṣáájú kí Samuel Ajayi Crowther tó gbé ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Nígbà tí David Hinderer ti ìjọ CMS (ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) wá fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn ní 1853, ó bá àwọn àáfà tó mọ̀wé kọ nílùú. Ohun èlò wọn ṣì wà lẹ́nu wa: kálàmù, tàdáwà, wàláà.

Ní 1875, ìjọ CMS ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ Yorùbá: báwo ni ẹ yóò ṣe yàtọ̀ sí e, báwo ni a ó ṣe kọ ohùn. Ilé ìwé, ìwé ìròyìn àti iṣẹ́ ìjọba tẹ̀lé e. Ànjẹ̀mí kò rí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí. Àáfà kọ̀ọ̀kan ló ń dá ọgbọ́n tirẹ̀, tàbí kó gba ti ọ̀gá tó kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni wàhálà àwọn olùwádìí òde òní ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí ẹni tó kéú dáadáa kò fi lè kà á?

Ìbéèrè yìí ló ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Wọ́n á gbé ìwé náà fún ọmọ tó ṣe wòlímọ̀, tàbí ẹni tó kàwé dé Mẹ̀dínà, á wò ó títí, á ní òun kò mọ ohun tí wọ́n kọ. Àwọn ará ilé á wá gbà pé ọ̀rọ̀ awo ni.

Ẹ kọ́kọ́ wo fáwẹ́lì. Lárúbáwá ní lẹ́tà 28 àti àmì fáwẹ́lì kúkurú mẹ́ta: fatha fún a, kasra fún i, damma fún u. Yorùbá ní fáwẹ́lì méje láìka àwọn àránmúpè: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Àmì mẹ́ta wá ní láti ṣe iṣẹ́ méje. Kasra sábà máa ń dúró fún i, e àti ẹ. Damma fún u, o àti ọ. Àwọn mìíràn ń lo àmì kan tó wà nínú Kùránì Warsh (ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka Kùránì), tí Haúsá náà ń lò, tó jẹ́ ẹyọ ìró (ìyẹn dọ́ọ̀tì) kékeré lábẹ́ lẹ́tà fún e. Ẹlòmíràn kò lò ó. Àmì ohùn kò sí rárá.

Ẹ kọ alif, ẹ fi damma sí i, ẹ kọ káfù, ẹ fi damma sí i. Kí lẹ kọ? Ó lè jẹ́ ọkọ, ó lè jẹ́ ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, oko, òkò tàbí òkú. Ọ̀rọ̀ méje, àkọsílẹ̀ kan. Bí ìwé bá sọ pé wọ́n pín nǹkan náà fún ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn ikú bàbá wọn, ẹni tó bá kà á sí ọkọ̀ níbi tó ti yẹ kó kà á sí oko ti dá ìjà sílẹ̀ nínú agboolé nìyẹn. Gbólóhùn tó yí i ká ló ń yanjú rẹ̀, ẹni tí kò bá sì gbọ́ Yorùbá ìgbà àtijọ́ kò ní rí gbólóhùn náà dì mú.

Kọ́ńsónáǹtì náà ní tirẹ̀. Gb, p àti g kò ní ilé nínú lẹ́tà Lárúbáwá. Olúkúlùkù ń yan èyí tó sún mọ́ ọn létí rẹ̀, nígbà mìíràn òǹkọ̀wé kan náà á yí i padà lójú ewé kejì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà kìíní. Wọ́n á kọ́kọ́ wá orúkọ tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú ìwé náà, orúkọ ìlú tàbí ti ènìyàn, kí wọ́n lè mọ lẹ́tà tí òǹkọ̀wé ń lò fún gb. Ìbàdàn kò ní gb, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ní i, Ìjẹ̀bú-Igbó náà ní i.

Ohun kan wà tó yẹ kí ọmọ Ìbàdàn fẹ́ràn níbẹ̀. Sin àti shin, ẹyọ ìró mẹ́ta ló ya wọ́n sọ́tọ̀. Bí àáfà kan bá kọ sin níbi tí àkọtọ́ ti fẹ́ ṣ, ẹni tí kò mọ ẹ̀ka èdè á ní ó ṣàṣìṣe, á sì tún un kọ. Ó lè jẹ́ ohùn Ìbàdàn ló kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá tún un ṣe ti pa ẹ̀rí ibi tí òǹkọ̀wé ti wá.

Ọwọ́ ìkọ̀wé pàápàá yàtọ̀. Àwọn àáfà àtijọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò kọ fá àti qáf bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ní Káírò. Ní ọwọ́ ti Káírò, fá ní ẹyọ ìró kan lókè (ف), qáf ní méjì lókè (ق). Ní ọwọ́ tiwa, ẹyọ ìró fá wà nísàlẹ̀ (ڢ), qáf ní ẹyọ kan ṣoṣo lókè (ڧ). Nítorí náà, qáf ti àtijọ́ jọ fá ti òde òní. Ọmọ tó kọ́ ti Káírò nìkan á bá qāla, "ó sọ", á kà á sí fāla, á sì máa wá ìtumọ̀ tí kò sí.

Ọdún tún wà. Àwọn kan kì í fi nọ́ńbà kọ ọdún. Wọ́n ń fi lẹ́tà ṣe é, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀: alif jẹ́ 1, bá jẹ́ 2, jím jẹ́ 3. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́fà ní iye tó yàtọ̀ láàárín ọwọ́ Ìlà-Oòrùn àti ọwọ́ Mọ̀rókò tí àwa jogún. Shin jẹ́ 300 lọ́hùn-ún, 1000 níhìn-ín. Sin jẹ́ 60 lọ́hùn-ún, 300 níhìn-ín. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n Ìlà-Oòrùn ka ìwé Ìbàdàn lè fi ọgọ́rùn-ún ọdún méje sọnù lójú ìlà kan.

Ṣé gbogbo ohun tí wọ́n fi lẹ́tà yìí kọ ní Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn?

Rárá o. Ní 1997, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, I. A. Ogunbiyi àti Stefan Reichmuth, gbé àlàyé jáde nínú ìwé ìwádìí Sudanic Africa lórí àwọn ìwé Lárúbáwá tó wá láti ọ́fíìsì Olúbàdàn. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ọ̀tẹ̀ àwọn ìjòyè Ìbàdàn. Ẹ kíyè sí i: èyí kì í ṣe ànjẹ̀mí. Èdè Lárúbáwá gan-an ni, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni. Àwọn méjì náà tilẹ̀ kà á sí orísun ìwé Lárúbáwá tí kì í ṣe ewì nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí wọ́n sọ Baálẹ̀ di Olúbàdàn ní 1936, àwọn àáfà ti ń fi gègé wọn ṣe iṣẹ́ akọ̀wé fún àwọn ọlọ́lá tipẹ́.

Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí ẹ bi ìwé kan, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: lẹ́tà wo ni? Èdè wo ni? Ọ̀rọ̀ kí ni? Èsì ọ̀kan kò lè dúró fún ti èkejì.

Iṣẹ́ kíkó irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn. Láàárín 1955 sí 1958, W. E. N. Kensdale to àwọn ìwé Lárúbáwá tó wà ní láíbúrárì yunifásítì lẹ́sẹẹsẹ, ó sì tẹ ìwé atọ́ka rẹ̀ jáde. Ní 1964, wọ́n dá ibùdó tó ń kó ìwé Lárúbáwá jọ, Centre of Arabic Documentation, sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, John Hunwick sì ni aṣáájú rẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n lò ni pé wọ́n ń yá ìwé lọ́wọ́ onílé, wọ́n ń ya á sórí máíkírófíìmù, wọ́n sì ń dá a padà. Hunwick àti R. S. O'Fahey ló wá ṣètò àwọn ìwé atọ́ka ńlá lórí ohun tí àwọn ará Áfíríkà kọ ní Lárúbáwá. Ìdìpọ̀ kejì, tó jáde ní 1995, sọ̀rọ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá.

A rí irú ìwé yìí nílé wa. Kí ni ká ṣe?

Ẹ má fi omi tàbí aṣọ tútù nù ún. Tàdáwà ìbílẹ̀ kan wà tí wọ́n ṣe kó lè tètè ṣí lára wàláà. Bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ mu ní hàǹtú náà ni yóò ṣe ṣàn lọ lára tákàdá yín. Oríṣi mìíràn ní irin nínú, ó ń jẹ tákàdá díẹ̀díẹ̀ títí ojú lẹ́tà á fi di ihò. Ìyẹn kò gbọdọ̀ ká, kò gbọdọ̀ tẹ̀.

Ẹ má lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, torí gọ́ọ̀mù rẹ̀ á pọ́n, á sì wọ inú ìwé. Ẹ má gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi rọ́bà dì í. Iná tí wọ́n fi ń ṣe é ń yọ́ rọ́bà wọ inú tákàdá, kò sì ṣeé yọ mọ́ láéláé. Èyí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù, àwọn tó sì fẹ́ràn ìwé náà jù ló ń ṣe é. Ọ̀rá náà kò dáa: ó ń há ọ̀rinrin mọ́ inú, lásìkò òjò Ìbàdàn ìwé á bu. Aṣọ funfun tó mọ́, tó jẹ́ òwú, nínú páálí tí wọn kò gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ikán, tó jìnnà sí èéfín ilé ìdáná, ó tó.

Púpọ̀ nínú wọn kì í ní ìdìpọ̀. Ewé kọ̀ọ̀kan ló dá wà nínú awọ, wọn kì í sì kọ nọ́ńbà ojú ewé. Kí ẹ tó tú u, ẹ ya fọ́tò bí ẹ ṣe bá a. Bí ó bá ti dàrú, ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ewé: òǹkọ̀wé sábà máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀, èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lójú ewé tó kàn. Òun ni ẹ ó fi tò ó padà.

Ní ti fọ́tò, ẹ lo ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ẹ pa fláàṣì. Ẹ fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ya gbogbo ojú ewé, títí kan èyí tí kò sí nǹkan lára rẹ̀, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì hàn. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì; bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò, á fún un pọ̀, ẹyọ ìró lẹ́tà á sì parẹ́. Ẹ sì ti rí iṣẹ́ tí ẹyọ ìró ń ṣe.

Ẹ gbé ewé kan sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí àwòrán òṣùpá mẹ́ta nínú tákàdá náà, Ítálì ni wọ́n ti sábà máa ń ṣe irú rẹ̀. Irú rẹ̀ gba Tìrípólì la aṣálẹ̀ kọjá dé Kánò ní nǹkan bí ọdún 1800 sókè. Ọjọ́ orí tákàdá lèyí ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ orí ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀. Ti ọ̀rọ̀ wà ní ìparí ìwé, níbi tí adàwékọ ti máa ń dárúkọ ara rẹ̀, ọjọ́ àti ọdún Híjírà. Ẹ fi 0.97 sọ ọdún náà di púpọ̀, ẹ ro 622 mọ́ ọn. 1300 á fún yín ní 1883. November 1882 ló bẹ̀rẹ̀ gan-an, torí náà ẹ fi ọdún kan sílẹ̀ fún àṣìṣe.

Ta ló ni ìwé, ta ló sì ni fọ́tò rẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ le sí nìyí. Àwọn olùwádìí fẹ́ kí fọ́tò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ilé lè jó, àjà lè jò. Ọ̀pọ̀ onílé kò fẹ́, ìdí wọn kò sì jẹ́ ọ̀kan. Àwọn kan ní oògùn àti asírí bàbá àwọn wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù ilẹ̀ àti oyè: orúkọ tó wà nínú ìwé lè gbé ẹjọ́ dìde, tàbí kó gbé e ṣubú. Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ka ìwé tó ti pé ogún ọdún tó sì ti ibi tó yẹ kó wà jáde sí ohun tó ní ìwọ̀n. Ìwé tó ti kúrò nílé, tí kò sẹ́ni tó lè sọ ọwọ́ tó gbà kọjá, ti pàdánù apá kan nínú agbára yẹn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ní 1964, kí ìwé padà sílé kí àwòrán wà ní yunifásítì, ṣì ni ọ̀pọ̀ ń fara mọ́, àmọ́ máíkírófíìmù inú kọ́bọ́ọ̀dù kì í rìn bí fọ́tò orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń rìn.

Lórí kíkà rẹ̀ náà, ẹnu kò kò. Àwọn kan ní kí olùwádìí kọ lẹ́tà bó ṣe wà, kí ó má fi ohùn sí i. Àwọn mìíràn ní ìyẹn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, kí ó kọ ọ́ ní Yorùbá òde òní. Ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ ṣeé yẹ̀wò á ṣe méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á sì fi ìtumọ̀ ṣe ẹ̀kẹta. Kọ̀ǹpútà kò dí i lọ́wọ́ mọ́: Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ti ní fá wa (06A2), qáf wa (06A7) àti ẹyọ ìró abẹ́ lẹ́tà (065C). Ènìyàn ló ṣọ̀wọ́n. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀ka kan ló ń kọ́ni ní Lárúbáwá, ẹ̀ka mìíràn tó ń rí sí ìmọ̀ èdè ló ni Yorùbá. Ànjẹ̀mí sì ń béèrè ẹni tó ti kọ́ méjèèjì.

Èyí tí wọn kò jiyàn lé lórí ni ohùn. Damma kò lè sọ bóyá oko ni tàbí ọkọ̀, ṣùgbọ́n bàbá tó ti gbọ́ wákà náà lẹ́nu bàbá tirẹ̀ lè sọ ọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó ya ojú ewé kìíní, ẹ kọ́kọ́ tan ìgbohùnsílẹ̀ fóònù yín, ẹ gbé e síwájú wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n kà á.